Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi wo fíìmù Oskar àti Eli? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìmọ̀ràn tí ẹ ń fún ara yín níhìn-ín láìdá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti dé bá mi báyìí tí èmi nìkan kò lè dá gbé. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló sọ fún un nípa fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní Sweden ní ọdún 2008, tí Tomas Alfredson darí. Låt den rätte komma in ni orúkọ rẹ̀ lédè wọn, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é ní Let the Right One In. Ìtàn Oskar ni, ọmọkùnrin ọlọ́dún méjìlá tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń fòòró, tí kò ní ẹnì kankan àfi Eli, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sí ilé tó fara ti tiwọn. Fáńpáyà ni Eli yìí, ẹ̀dá tí kì í dàgbà, tí kì í rí oòrùn, tí kò sì ní oúnjẹ mìíràn ju ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lọ.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń já mi láyà. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ mi ti ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já, bí mo bá sì béèrè, yóò ní bọ́ọ̀lù ni àwọn ń gbá. Mo kọ́kọ́ dá fíìmù náà wò kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ gbà láyè. Mo dé ibi tí àwọn ọmọ mẹ́ta ti fi pàṣán na Oskar títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi bẹ́, tó délé, tí ìyá rẹ̀ bi í léèrè, tó sì dáhùn pé òun ṣubú lu òkúta nígbà eré ni. Mo pa ẹ̀rọ náà níbẹ̀. N kò tíì lè padà sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó parí, ṣé kí n jẹ́ kó wò ó, tàbí kí n kọ̀ jálẹ̀?

Bàbá ọmọ méjì, Peckham, London:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o, ìyá wa. Níbi tí mo wà yìí, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní ó lè wo fíìmù náà. Ní Amẹ́ríkà, ìpele R ni wọ́n fi í sí, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú òbí. Nítorí náà, ọmọ yín kò tíì tó o lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ lè gbà. Ibi mẹ́rin ló le nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ibi tí Håkan, àgbà ọkùnrin tó ń bá Eli gbé, ti so ọ̀dọ́mọkùnrin kan rọ̀ lórí igi nínú igbó ní ìdojúdé láti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni ibi tí Håkan yìí kan náà ti da ásíìdì sí ojú ara rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni ti obìnrin kan tí Eli bù jẹ, tí àwọn ológbò kọ́kọ́ ya bò, tí iná sì wá gba ara rẹ̀ ní ọsibítù nígbà tí oòrùn kàn án. Ẹ̀kẹrin ni ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní ìparí. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, fíìmù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, tí ènìyàn lè wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìrí ohun tó ju ọmọ méjì tí wọ́n jókòó nínú yìnyín.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kó dá a wò lórí fóònù ní abẹ́ aṣọ ìbora, nítorí bí ẹ bá kọ̀ fún un pátápátá, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti wò ó. Ẹ jọ wò ó. Kí ẹ sì ṣọ́ra, torí àwọn ará Amẹ́ríkà tún ìtàn náà ṣe ní ọdún 2010. Matt Reeves ló darí ìyẹn, New Mexico ni wọ́n gbé e sí, Owen àti Abby sì ni àwọn ọmọ náà ń jẹ́. Kì í ṣe fíìmù burúkú, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ti Sweden lọ. Ti Sweden ni kí ẹ wá, kí ẹ má sì gba èyí tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bo ohùn àwọn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán dáadáa, nítorí díìsìkì tó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009 gé ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ náà kúrú débi pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ọmọ náà ń sọ síra wọn sọnù, tí àwọn òǹwòran sì fẹjọ́ sùn kí wọ́n tó dá ti sinimá padà sí i.

Olùkọ́bìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti wo fíìmù yìí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, bí ó bá sì ṣeé ṣe, èmi ì bá jókòó ti ẹ̀yin méjèèjì wò ó. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀, kí o lè mọ ibi tí o ti máa dá a dúró bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn rárá. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, ní àgbàlá ilé wọn lóru, lẹ́bàá irin tí àwọn ọmọ máa ń gùn ṣeré, Eli ni ó kọ́kọ́ sọ pé òun kò lè jẹ́ ọ̀rẹ́ Oskar. Oskar yá a ní ohun ìṣeré Rubik, èyí tí a máa ń yí títí àwọ̀ mẹ́fà rẹ̀ yóò fi bára mu, Eli sì bá a tò ó pé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn kóòdù Morse bá ara wọn sọ̀rọ̀ lára ògiri tó wà láàárín yàrá wọn. Oskar ra súìtì fún un. Eli mọ̀ pé inú òun kò gbà á, síbẹ̀ ó jẹ ẹyọ kan nítorí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì lọ bì í sẹ́yìn ilé ìtajà náà. Ọmọ yẹn kò bi í léèrè ohunkóhun, ó kàn dì mọ́ ọn. N kò rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rẹ́ ọmọdé hàn tó báyìí nínú fíìmù mìíràn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò sì kún àtẹ́lẹwọ́.

Ibẹ̀ náà ni Eli ti bi í pé bí òun kò bá jẹ́ ọmọbìnrin, ṣé yóò ṣì fẹ́ràn òun, Oskar sì ní ó dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa ń ronú sí èyí nígbà tí mo bá ń sọ ìtàn náà fún ẹlòmíràn lédè wa. Ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ yàn bóyá akọ ni Eli tàbí abo kó tó lè kọ gbólóhùn kan pàtó nípa rẹ̀. “Ó” tiwa kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwa lè sọ ìtàn Eli láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí Oskar ṣe rí i gan-an.

Ibi tí mo fẹ́ kí o tẹ ẹ̀rọ náà dúró sí nìyí. Àwọn ará Yúróòpù gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé fáńpáyà kò lè wọ ilé ẹni àfi tí onílé bá ní kó wọlé. Inú èyí ni àkọlé fíìmù náà ti wá. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà wa yóò ké “Àgò o!”, yóò sì dúró di ìgbà tí wọ́n bá dáhùn “Àgò yà!” Nígbà tí Eli dé ẹnu ọ̀nà Oskar, tó ń retí kó ní kí òun wọlé, Oskar kọ̀ láti dáhùn. Ó kàn fi ọwọ́ pe Eli pé kó máa bọ̀, ó fẹ́ rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Eli wọlé láìgba àṣẹ. Ó dúró láàárín pálọ̀, kò ké, kò bẹ̀bẹ̀. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́yìn aṣọ rẹ̀, ó yọ ní gbòǹgbò irun rẹ̀, ó yọ ní ojú rẹ̀, títí Oskar fi sáré dì í mú, tó sì pariwo pé kó wọlé, kó wọlé. Ọmọ tí wọ́n ti ń fìyà jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó fi ìyà jẹ ẹlòmíràn níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn náà sì ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní. Bi ọmọ rẹ léèrè ìdí tí Oskar fi ṣe é. Má ṣe dáhùn fún un.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún kù: ẹ má ṣe wò ó nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn wíńdò. Etí ni a fi ń wo ìdajì fíìmù yìí. Ẹ ó gbọ́ bí ikùn Eli ṣe ń kùn nígbà tí ebi bá ń pa á àti bí ẹsẹ̀ ṣe ń dún lórí yìnyín. Kódà olùdarí kò lo ohùn Lina Leandersson tó ṣe Eli. Ó gba ohùn ọmọ mìíràn tó wúwo díẹ̀, kí Eli lè dún bí ẹni tó ti wà láyé tipẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Stockholm:

Mo kí màámi olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ibi tí mò ń gbé kún un, nítorí ó wúlò fún ọmọ láti mọ̀ pé ibi tí ó wà lóòótọ́ ni ìtàn náà dúró lé. Blackeberg ni àdúgbò náà ń jẹ́, ní ìwọ̀ oòrùn Stockholm. Ọdún 1950 síwájú ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó jọra wọn tó yí àgbàlá ká, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni John Ajvide Lindqvist ti dàgbà, òun ló kọ ìwé ìtàn tó jáde ní 2004, òun náà ló sì kọ eré inú fíìmù náà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ó gbé ìtàn náà sí. Ṣùgbọ́n Luleå, ní àríwá Sweden, ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni yìnyín àti òtútù ti dájú. Hoyte van Hoytema ló di kámẹ́rà mú, òun náà ló ya fíìmù Oppenheimer tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar.

Ẹni tí kò bá gbé níbí lè máa rò pé olùdarí ló sọ gbogbo rẹ̀ di òkùnkùn kí ẹ̀rù lè bà wá. Rárá o. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní Stockholm kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù. Inú òkùnkùn ni àwọn ọmọ ti ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́, wọn á rin ilé nínú òkùnkùn, òbí kò sì tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Wákàtí tí àgbàlagbà kankan kò sí nítòsí yẹn ni wọ́n fi ń na Oskar, wákàtí yẹn kan náà sì ni Eli lè jáde síta. Ẹ kíyè sí àwọn àgbà inú fíìmù náà: ìyá Oskar fẹ́ràn rẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí i, bàbá rẹ̀ tó wà ní abúlé ń bá a ta ayò lórí bébà tayọ̀tayọ̀, àfi ìgbà tí ọ̀rẹ́ bàbá wọlé, tí ìgò ọtí dé orí tábìlì, tí ẹnikẹ́ni kò tún wo ọmọ mọ́.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìtàn yìí fi jẹ́ ti Sweden. Àwọn ènìyàn ibí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi orúkọ pe ohun tí ọmọ yín ń rí. Mobbning ni wọ́n ń pè é. Dan Olweus, ọmọ Sweden tó lọ ṣiṣẹ́ ní Norway, ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lédè Sweden ní 1973. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé kì í ṣe ìjà láàárín ọmọ méjì tí agbára wọn dọ́gba. Ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, agbára sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, nítorí náà àgbàlagbà ló gbọ́dọ̀ dá a dúró. Kò yẹ kí ẹ sọ fún ọmọ náà pé kó lọ gbẹ̀san fúnra rẹ̀.

Bàbá kan, Ìlọrin:

Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Mo wò ó parí. Eli sọ fún Oskar pé kó máa gbá wọn padà, kó sì gbá wọn gidigidi. Oskar gbọ́ràn, ó fi ọ̀pá lu Conny, olórí àwọn ọmọ tó ń fòòró rẹ̀, létí lórí adágún tó ti di yìnyín, ayọ̀ sì hàn lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Conny wá gbẹ̀san níbi ìlúwẹ̀ẹ́, tí ó ní kí Oskar wà lábẹ́ omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun yóò yọ ọ̀kan nínú ojú rẹ̀, Eli dé, ó sì pa wọ́n, àfi ẹyọ kan tó jókòó tó ń sunkún. Ọmọ tí inú ń bí, tó ń gbọ́ pé “ọ̀rẹ́ mi yóò wá pa yín”, kí ni a fẹ́ kó kọ́ níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ mímu kì í sì í ṣe eré létí àwa Yorùbá. Ẹlòmíràn yóò ní àbíkú ni Eli, ẹlòmíràn yóò ní àjẹ́ ni. Ìyá wa, ẹ wá fíìmù mìíràn fún un.

Olùkọ́bìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn:

Bàbá, ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò ó. Ṣùgbọ́n Eli kò jọ àbíkú. Àbíkú ń lọ ó ń bọ̀, ó ní ẹgbẹ́ lọ́run tó ń pè é. Eli kò ní ẹgbẹ́ níbì kankan, kò sì lè lọ. Ẹ tún rántí bí kámẹ́rà ṣe ṣe níbi omi yẹn. Kò jáde láti fi ìpànìyàn hàn wá. Abẹ́ omi ló wà pẹ̀lú Oskar, ojú ọmọ náà dí, a kàn ń rí ẹsẹ̀ tó ń wọ́ kọjá lójú omi, lẹ́yìn náà apá kan rì wálẹ̀, ọwọ́ tó di irun rẹ̀ mú sì tú. Ẹni tó fẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ kì í ya á báyẹn.

Ìdáhùn sí ohun tí ẹ béèrè wà lára Håkan. Fíìmù náà kò sọ ẹni tó jẹ́ sí Eli. A kàn rí àgbàlagbà tó ti rẹ̀, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì jáde lóru láti wá ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ tí kì í dàgbà, tó sì ń bẹ Eli pé kó má ṣe rí Oskar ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọsibítù, nígbà tí ojú rẹ̀ ti bàjẹ́, ó na ọrùn rẹ̀ fún Eli lójú wíńdò. Ọ̀pọ̀ òǹwòran gbà pé bóyá ọmọdé bí Oskar ni òun náà nígbà tó kọ́kọ́ pàdé Eli. Bí a bá wo ọkọ̀ ojú irin ìparí lẹ́yìn tí a ti rántí Håkan, tí Oskar jókòó pẹ̀lú àpótí ńlá lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń kan àpótí náà fún ara wọn, inú ẹni dùn fún wọn, àyà ẹni sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ọmọ, má ṣe ṣàlàyé Håkan fún un. Wò ó bóyá yóò rí i fúnra rẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Abẹ́òkúta:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, títí kan bàbá Ìlọrin, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn ló jẹ́ kí n fara balẹ̀. A wò ó lọ́sàn-án Sátidé, àwọn àbúrò rẹ̀ wà nílé ìyá mi. Mo fo ti inú igbó àti ti ásíìdì. Nígbà tí a dé ibi tí Oskar ti ń parọ́ òkúta fún ìyá rẹ̀, ọmọ mi kò wo ojú mi. Ó fa okùn tó yọ lára ìrọ̀rí, ó ń ká a mọ́ ìka. N kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin náà lọ tán, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá bi mí pé, “Mọ́mì, ta ni yóò máa wá ẹ̀jẹ̀ fún Eli báyìí?” Kí n tó dáhùn ló ti fún ara rẹ̀ lésì pé Oskar ni, pé òun ni yóò dà bí bàbá yẹn. Ó ní ọ̀rẹ́ dáadáa ni Eli, ṣùgbọ́n òun kò ní bá a wọ ọkọ̀. Ìgbà náà ni mo béèrè ẹni tó ń já bọ́tìnnì rẹ̀. Ó dárúkọ ọmọ méjì. Wọ́n ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wálé. Mo rò pé ó ń ṣeré bọ́ọ̀lù ló ṣe ń pẹ́. Ó sì ti ń bẹ̀ mí pé kí n má ṣe dé ilé ẹ̀kọ́ náà, pé bí mo bá dé ibẹ̀ yóò burú sí i. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá ọmọ méjì, Peckham, London:

Ẹ bá ọlọ́kadà kan tí ẹ mọ̀ ládùúgbò ṣe àdéhùn kó máa gbé e wálé, kí ẹ máa san owó rẹ̀ fún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí owó má bàa wà lọ́wọ́ ọmọ mọ́. Ìyẹn kò tán ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n yóò dá ìrìn ẹsẹ̀ dúró láti ọ̀la.

Olùkọ́bìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn:

Dandan ni kí o lọ, ṣùgbọ́n má ṣe lọ láìsọ fún un. Jókòó tì í lálẹ́ yìí, kí ẹ jọ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ wo, ibo, kí ni wọ́n gbà, ta ló wà níbẹ̀. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ka ohun tí o kọ, kó sì yọ èyí tí kò fẹ́ kí o sọ síta. Má ṣe lọ bá òbí àwọn ọmọ náà nílé wọn, má sì ṣe dúró ní géètì lásìkò tí ilé ẹ̀kọ́ bá jáde tí gbogbo wọn á fi rí ọ. Lọ nígbà tí wọ́n bá wà ní kíláàsì, wá olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, kí o sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò fún ọ lésì kí o tó dìde. Jẹ́ kí ọmọ náà yan ẹni tó fẹ́ kó bá ọ lọ.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Abẹ́òkúta:

A ti kọ ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀, màámi. Ó yọ orúkọ ẹnì kan kúrò níbẹ̀, ó ní ìyẹn kàn ń dúró wò ni, n kò sì bá a jiyàn. Bàbá rẹ̀ ló ní kó bá mi lọ. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni a máa débẹ̀.